Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Rìn Dé Inú Ojú: Àwọn Àyẹ̀wò Tí Mo Ń Ṣe Pẹ̀lú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Kí n tó gbé ohun èlò kankan jáde nígbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé ka iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: báwo ni ojú ṣe ń rí pẹ́ńsù tí ó wà lórí tábìlì yẹn? Mo máa ń ní kí kálukú ya àwòrán fìtílà, pẹ́ńsù àti ojú sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì fi ọfà tọ́ka sí ibi tí nǹkan ń gbà lọ. Ohun tí wọ́n ń yà kì í yàtọ̀ púpọ̀ láti kíláàsì kan sí òmíràn. Àwọn kan a ya ọfà láti inú ojú lọ sí ara pẹ́ńsù, bí ẹni pé ojú ni ó ń na ọwọ́ mú ohun tí ó ń wò. Àwọn mìíràn a ya ìmọ́lẹ̀ yí fìtílà ká, wọn a sì fi ojú sílẹ̀ láìsí ọfà kankan tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń ya ọfà láti ara fìtílà lọ sí ara pẹ́ńsù, tí wọ́n sì tún yà á láti ara pẹ́ńsù wá sínú ojú, kì í pọ̀ rárá.

N kò ka èyí sí àìmọ̀kan tí ó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ bá ọmọ wí. Euclid àti Ptolemy, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó mọ ìṣirò jù lọ láyé àtijọ́, gbà pé láti inú ojú ni ìtànṣán ti ń jáde lọ bá ohun tí a ń wò. Nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn ni Ibn al-Haytham, ẹni tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, kọ ìwé ńlá kan ní Cairo láàárín ọdún 1011 sí 1021, nínú èyí tí ó ti fi àyẹ̀wò àti àlàyé hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara ohun tí a ń wò wá sínú ojú. Ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rí rẹ̀ rọrùn débi pé ó lè yé ọmọ kékeré: bí ènìyàn bá wo ìmọ́lẹ̀ tí ó lágbára jù, ojú a máa dùn ún. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ni ó ń rán nǹkan jáde, kí ni ìbá tún padà wá pa á lára?

Ìbéèrè yìí ni òpó tí gbogbo àyẹ̀wò wa rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè fi ọfà ya ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà láti ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá títí tí ó fi wọ inú ojú rẹ̀. Mo ti rí ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ tí ó kún fún ohun ìyanu, tí òṣùmàrè yọ lára ògiri, tí gbogbo ọmọ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, àwọ̀ nìkan ni wọ́n rántí. Ohun kejì tí n kì í fi ṣeré ni pé kí kálukú kọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ṣe é. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àfojúbà pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ènìyàn ní nǹkan bí kò bá ti kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń retí.

Páálí mẹ́ta ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. A ó lu ihò kékeré kan sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ga dọ́gba láti orí tábìlì, a ó sì mú kí wọ́n dúró lóòró tẹ̀lé ara wọn. A ó ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó fà á le kí a lè mọ̀ dájú pé wọ́n tò tààrà, lẹ́yìn náà a ó yọ ọ́ kúrò. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ kò le jù sí ẹ̀yìn páálí àkọ́kọ́ nínú yàrá tí a ti mú kí ó ṣókùnkùn, ẹni tí ó fi ojú sí ihò ìkẹyìn yóò rí iná náà. Bí a bá sún páálí àárín sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ báyìí, iná náà kò ní hàn mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ìlà tààrà, kò sì lè yà sí ẹ̀gbẹ́ láti lọ wá ihò tí a sún kúrò níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fi ń tẹ̀lé èyí ni ó ṣe pàtàkì sí mi jù. Àwọn tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ǹjẹ́ wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ náà bí ó ti ń kọjá láàárín páálí kan sí èkejì? Wọn kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ó ń kọjá, nítorí pé ẹni tí ó wà lópin rí i. A ó wá gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà, tàbí kí a fi ike tí ń fọ́n omi fọ́n omi wínníwínní sí i, lójú ẹsẹ̀ ni ìlà ìmọ́lẹ̀ náà yóò sì yọ kedere fún gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé eruku náà dá ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba díẹ̀ nínú èyí tí ń kọjá lọ, ó sì tú u ká sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ojú àwọn tí ń wò wà. Lójú tèmi, kò sí àyẹ̀wò tí ó ju èyí lọ nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, nítorí òun ni ó jẹ́ kí ó yé ọmọ pé ìmọ́lẹ̀ lè gba iwájú ènìyàn kọjá kí onítọ̀hún má sì rí i, àfi bí nǹkan kan bá darí rẹ̀ sínú ojú rẹ̀. Ìdí kan náà ni ó fi jẹ́ pé, nínú àwọn àwòrán tí àwọn tí ó dé orí òṣùpá láàárín ọdún 1969 sí 1972 yà, ojú ọ̀run dúdú kirikiri bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn sí wọn lára: kò sí afẹ́fẹ́ lókè orí wọn tí yóò tú ìmọ́lẹ̀ ká wá sí ojú wọn.

Kámẹ́rà alágolo ló tẹ̀lé e. A ó fi ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sí ìdí agolo òfìfo, a ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ti fi òróró pa bo ẹnu rẹ̀, a ó sì fi rọ́bà dè é mọ́ ọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da aṣọ dúdú bo orí ara rẹ̀ àti ẹnu agolo náà, tí ó sì kọ ihò sí ìta tí ọ̀sán ti mọ́lẹ̀ dáadáa, àwòrán ohun tí ó wà lóde yóò hàn lára bébà, òkè rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ọ̀tún rẹ̀ ní òsì. Àwọn ọmọ a máa sọ pé agolo ni ó yí i padà. Mo máa ń ní kí wọ́n ya á: ìmọ́lẹ̀ tí ó ti orí igi bọ̀ wọ inú ihò ní ìlà tààrà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ bébà, èyí tí ó ti ìdí igi bọ̀ gba inú ihò kan náà, ó sì gòkè. Ihò kò yí ohunkóhun padà. Títọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń tọ́ ni ó fa yíyí náà.

Nígbà náà ni a ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí agolo náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n ń retí sílẹ̀. Bí a bá mú kí ihò tóbi sí i, àwòrán a túbọ̀ mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n yóò di bàìbàì, nítorí pé ibi kọ̀ọ̀kan lára ohun tí a ń wò kò fi àmì ṣóńṣó kan sílẹ̀ mọ́, abala gbẹ̀ǹgbẹ̀ ni ó ń fi sílẹ̀, àwọn abala náà sì ń gorí ara wọn. Bí a bá lu ihò kejì, àwòrán a di méjì. Èyí tí ó máa ń fa àríyànjiyàn jù ni ti ihò onígun mẹ́ta: bí a bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú ihò kékeré onígun mẹ́ta já sára bébà tí ó jìnnà díẹ̀, irú àmì wo ni yóò ṣe? Ọ̀pọ̀ jù lọ a máa sọ pé onígun mẹ́ta. Róbótó ni, nítorí pé àwòrán oòrùn ni, kì í ṣe àwòrán ihò. Ẹni tí ó bá ti rí èyí yóò mọ ìdí tí àwọn ojú ìmọ́lẹ̀ tí ń já gba àárín ewé igi wá sílẹ̀ fi máa ń rí róbótó, nígbà tí àlàfo tí ó wà láàárín ewé kò róbótó rárá, yóò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń rí bí òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọjọ́ tí òṣùpá bá bo apá kan oòrùn.

Láti ibẹ̀ ni a ti ń lọ wọn oòrùn fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wo oòrùn gba inú ihò o. Ẹ̀yìn ni a ń kọ sí oòrùn, bébà ni a ń wò. A ó gbé páálí tí a fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí lọ́wọ́, a ó sì gbé bébà funfun sí ibi tí ó fi mítà 2 jìnnà sí i, kí páálí àti bébà dojú kọ ìhà tí oòrùn ti ń bọ̀. Àmì róbótó tí yóò hàn a máa fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 19. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pín mìlímítà 19 sí ọ̀nà mìlímítà 2,000, tí ó sì fi ìdá yẹn sọ mìlíọ̀nù 150 kìlómítà tí ó wà láàárín ilẹ̀ ayé àti oòrùn di púpọ̀, yóò rí nǹkan bí mìlíọ̀nù 1.4 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ sì ni fífẹ̀ oòrùn rí ní tòótọ́. Pé ọmọ kan fi páálí, abẹ́rẹ́ àti rúlà wọn ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí ó tó jáde nílé ẹ̀kọ́.

Nípa jígí, òfin tí gbogbo ìwé ẹ̀kọ́ ń kọ́kọ́ sọ kì í gba àkókò wa. Jígí kékeré a dúró lórí bébà, a ó fi páálí tí a la ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí bo ẹnu tọ́ọ̀ṣì kí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lè sá lórí bébà lọ bá jígí, a ó fi pẹ́ńsù tọ ipa ọ̀nà tí ó bá lọ àti èyí tí ó bá padà, a ó sì wọn igun méjèèjì. Wọ́n dọ́gba.

Ohun tí mo fẹ́ràn láti lo àkókò fún ni èyí tí ó tẹ̀lé e. Nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, a ó tẹ́ jígí sí àárín bébà funfun ńlá lórí tábìlì, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè tààrà. Kí a tó tan án, mo máa ń béèrè pé lójú ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, èwo ni yóò mọ́lẹ̀ jù, jígí ni tàbí bébà? Jígí ni wọ́n máa ń mú, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ń dán. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì tán, bébà a mọ́lẹ̀ yanran, jígí a sì dúdú láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣí ihò sí tábìlì. Jígí ti dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ padà sí òkè ní ọ̀nà kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí ó wá sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí àwọn tí ń wò dúró sí. Bébà, tí ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀ bó ti wù kí ó rí lójú, tú ìmọ́lẹ̀ ká sí ìhà gbogbo. Lẹ́yìn àyẹ̀wò yìí ni mo máa ń dá wọn padà sí àwòrán pẹ́ńsù tí wọ́n yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn a sì tún ọfà wọn yà láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn.

Àwòrán inú jígí wá ńkọ́, níbo ni ó wà? A ó gbé gíláàsì pẹlẹbẹ tí ó mọ́ gaara dúró lóòró, kì í ṣe jígí, olùkọ́ yóò tan àbẹ́là síwájú rẹ̀, a ó sì gbé ife omi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó wà níwájú yóò máa rí àwòrán àbẹ́là náà lára gíláàsì, yóò sì tún máa rí ife omi tí ó wà lẹ́yìn. A ó máa sún ife náà títí tí yóò fi dà bí ẹni pé àbẹ́là ń jó nínú omi. Bí a bá fi rúlà wọn ọ̀nà tí ó wà láti ara gíláàsì dé ìdí àbẹ́là àti èyí tí ó wà láti ara gíláàsì dé ìdí ife, wọ́n á dọ́gba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá lọ sí ẹ̀yìn gíláàsì: omi lásán ni yóò bá níbẹ̀. Kò sí iná kankan tí ń jó nínú ife náà. Ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ni ó kan gíláàsì tí ó sì padà, ojú kò sì mọ̀ pé ó ti yà lójú ọ̀nà. Ohun tí ojú mọ̀ kò ju ìhà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé lọ, ó sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ohun náà wà. Ẹni tí gbólóhùn yìí bá yé dáadáa ti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí ó kù nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ìṣirò lè fi jígí méjì tí a lẹ̀ mọ́ ara wọn ní etí kan ṣe eré díẹ̀. Bí igun tí ó wà láàárín wọn bá jẹ́ dígíríì 120, àwòrán méjì ni a ó rí nínú wọn; dígíríì 90 a fún wa ní mẹ́ta, dígíríì 60 a sì fún wa ní márùn-ún. Mo máa ń fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n fi 360 wá a fúnra wọn.

Owó ẹyọ inú abọ́ ni ó tún kan. A ó fi owó ẹyọ sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí a kò lè wo inú rẹ̀ láti ara, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fà sẹ́yìn títí tí etí abọ́ yóò fi bo owó náà mọ́ ọn lójú pátápátá, yóò sì dúró sójú kan láìmira. Ẹlòmíràn yóò rọra bu omi sí abọ́ náà kí owó má bàa sún. Bí omi ti ń pọ̀ ni owó náà yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi hàn tán. Owó kò gbéra, ojú kò gbéra, abọ́ kò sì gbéra. Ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ni ó yí padà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ara owó bọ̀ yà bí ó ti ń jáde láti inú omi sínú afẹ́fẹ́, ó gba orí etí abọ́ kọjá, ó sì wọ inú ojú, ojú sì tún gba ohun tí ó máa ń gbà gbọ́, pé tààrà ni ó ti wá. Nítorí náà ni ó fi ń rí owó náà sókè ju ibi tí ó wà lọ. Ẹni tí ó bá wo inú omi láti òkè tààrà a máa rí jíjìn rẹ̀ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jíjìn rẹ̀ gan-an, ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ́ sínú odò tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ rántí èyí.

Kí ló dé tí ó fi ń yà? Ìyára ni. Ní ibi tí kò sí ohunkóhun rárá, ìmọ́lẹ̀ ń sá ní mítà 299,792,458 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1983 tí wọ́n sì ti fi ń túmọ̀ mítà láti ìgbà náà. Nínú afẹ́fẹ́, díẹ̀ bíńtín ni ó fi dín sí èyí. Nínú omi, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí kìlómítà 225,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nínú gíláàsì sì rèé, nǹkan bí 200,000. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú omi, ibi tí ó kọ́kọ́ wọlé a fa ìyára rẹ̀ sẹ́yìn kí apá yòókù tó wọlé, ìdí nìyẹn tí ó fi yí orí padà. Bí ó bá wọlé láti òkè tààrà, gbogbo rẹ̀ ni ó jùmọ̀ fa sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì yà. Willebrord Snell ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òfin bí ó ti ń yà, èyí tí ó rí ní ọdún 1621, ṣùgbọ́n Ibn Sahl ti kọ ọ́ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 984.

Ẹ̀rí tí ó dára jù lọ pé ìyàtọ̀ ìyára ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí ni ti gíláàsì tí ó pòórá nínú òróró. A ó mú ọ̀pá tàbí ife kékeré irú gíláàsì tí wọ́n ń lò ní yàrá àyẹ̀wò kẹ́mísírì, èyí tí ooru kì í tètè là, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ife ńlá tí ó kún fún òróró ìdáná. Ibi tí òróró bá bò mọ́lẹ̀ kò ní hàn mọ́. Ìyára ìmọ́lẹ̀ nínú irú gíláàsì yẹn àti nínú òróró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kò yà ní ààlà wọn, kò sì sí èyí tí ó ta padà níbẹ̀, ojú kò sì rí ohun tí yóò fi mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Gíláàsì fèrèsé kì í pòórá tán, etí rẹ̀ a ṣì máa hàn fírífírí, èyí náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́.

Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nínú omi bá wá dẹ̀gbẹ́ jù ńkọ́, tí igun rẹ̀ sí ìlà òró, ìyẹn ìlà tí ó dúró lóòró sí ojú omi, ju nǹkan bí dígíríì 49 lọ? Kò ní lè jáde mọ́ rárá. A ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ ìgò ike, a ó fi omi kún un, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣùjọ sí òdì kejì ihò náà. Bí omi ti ń ṣàn jáde tí ó sì ń tẹ̀ lọ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a bá a tẹ̀, ọwọ́ tí a bá sì fi gba omi náà a mọ́lẹ̀. Daniel Colladon fi èyí han àwọn ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, John Tyndall sì ṣe é ní London ní ọdún 1854. Mo máa ń ṣọ́ra níbí, nítorí pé ó lè dà bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ti kọ ìlà tààrà sílẹ̀. Kò kọ̀ ọ́ o. Tààrà ni ó ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan omi náà dé ìkejì, tí ó ń ta padà, tí ó tún ń ta padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rìn nínú àwọn okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun kọjá, èyí tí iṣẹ́ tí Charles Kao ṣe ní ọdún 1966 là ọ̀nà fún, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní ọdún 2009.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo máa ń fi sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn ọmọ máa ń bèèrè fún jù. A ó gbé abọ́ omi sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé gba fèrèsé, a ó fi jígí sínú rẹ̀ kí ó fẹ̀yìn ti etí abọ́, a ó sì máa darí rẹ̀ títí tí ìmọ́lẹ̀ tí ó padà láti ara rẹ̀ yóò fi bọ́ sára bébà funfun. Òṣùmàrè yóò hàn níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo inú jígí náà. Àwọn tí ó gbáyé ṣáájú Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà pé gíláàsì tàbí omi ni ó ń kun ìmọ́lẹ̀ láwọ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní ọdún 1666, Newton mú àwọ̀ kan ṣoṣo nínú òṣùmàrè tí gíláàsì onígun mẹ́ta rẹ̀ fún un, ó sì jẹ́ kí ó gba inú gíláàsì kejì kọjá. Pupa jáde ní pupa. Bí ó bá jẹ́ pé gíláàsì ni ó ń kun ìmọ́lẹ̀, ìbá ti tún un kùn. Àwọ̀ ti wà nínú ìmọ́lẹ̀ funfun tẹ́lẹ̀. Omi kàn mú kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yà ní ìwọ̀n tirẹ̀, elésè àlùkò jù, pupa kéré jù.

Mílíìkì nínú omi ni ó so àwọ̀ pọ̀ mọ́ eruku ṣọ́ọ̀kì ọjọ́ àkọ́kọ́. Nínú ife gíláàsì gígùn tí ó kún fún omi, a ó kán mílíìkì díẹ̀díẹ̀ sí i, a ó máa rò ó, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì onímọ́lẹ̀ funfun sí i láti ìdí. Ẹni tí ó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ yóò rí i pé omi náà ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tí ó bá sì wò ó láti òkè, ní ìdojúkọ tọ́ọ̀ṣì, yóò rí ìmọ́lẹ̀ náà bí àwọ̀ ọsàn. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ojú wọn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ń jẹ́ Rayleigh ṣàlàyé ní ọdún 1871 pé àwọn ohun tí ó kéré jọjọ ń tú àwọ̀ búlúù ká ju pupa lọ, ìyàtọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà bí a bá fi búlúù wé pupa tí ó jìn jù tí ojú lè rí. Búlúù tí afẹ́fẹ́ tú ká wá sí ojú wa láti ìhà gbogbo ni a ń pè ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá gba inú afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ti tú búlúù rẹ̀ nù sójú ọ̀nà, pupa àti àwọ̀ ọsàn ni ó sì kù.

Kí àwọn ọmọ má bàa rò pé gbogbo ohun tí ó bá ti dé inú ojú ni ojú ń rí, mo máa ń sọ fún wọn nípa William Herschel. Ní ọdún 1800, ó ń fi tẹmómítà wọn ooru tí ó wà nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú òṣùmàrè, ó sì gbé ọ̀kan sí ibi tí pupa ti parí, níbi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Tẹmómítà yẹn gan-an ni ó gòkè jù. Ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè dáhùn sí. Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n àti fóònù tó fún wa láti fi hàn wọ́n: kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ orí rìmóòtù sí kámẹ́rà fóònù, kí ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kí àwọn yòókù kọ́kọ́ wo rìmóòtù náà, kí wọ́n tó wá wo ojú fóònù. Lójú, rìmóòtù kò ṣe nǹkan kan. Lára fóònù, gílóòbù kékeré orí rẹ̀ ń tàn, ó ń kú. Bí kámẹ́rà ẹ̀yìn kò bá fi hàn, kí a lo ti iwájú, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ fóònù, ti ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi ohun tí ń dí irú ìmọ́lẹ̀ yìí bò jù.